Gbèsè Omi Tí A Jẹ Ọ̀dọ́ Gàmbàrí

Bí ọ̀dọ́ kan ní àdúgbò Gàmbàrí, ní ìlú Ìlọrin, bá dìde lónìí tí ó ní òun fẹ́ kópa nínú eré ìje triathlon fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn kan yóò ní eré òyìnbó ni. Àwọn kan yóò ní eré olówó ni. Àwọn mìíràn, àwọn tí kì í yé fọ́n ọ̀rọ̀ ìwúrí káàkiri orí ẹ̀rọ ayélujára, yóò sọ fún un pé bí ó bá sáà ti múra, kò sí ohun tí apá rẹ̀ kò ní í ká. Gbogbo wọn ló ṣì í, ṣùgbọ́n àṣìṣe àwọn oníwúrí yìí ló burú jù, nítorí pé wọ́n ń gbé ẹ̀bi ru ẹni tí kò jẹ̀bi. Ohun tí yóò dá ọmọ Gàmbàrí náà dúró kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í tilẹ̀ ṣe àìrówó ra kẹ̀kẹ́. Omi ni. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, kò sì sí ibi tí ó lè lọ láti kọ́ ọ. Àwọn tó yẹ kí wọ́n pèsè ibẹ̀ kò sì gbà pé àwọn jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Triathlon jẹ́ eré ìje alápá mẹ́ta. A óò lúwẹ̀ẹ́, a óò gun kẹ̀kẹ́, a óò sì fi ẹsẹ̀ sáré, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì láìsí ìsinmi láàárín wọn, aago kan náà ni a sì fi ń ka gbogbo rẹ̀, títí kan àkókò tí a fi ń pààrọ̀ aṣọ àti bàtà. Ti ìdíje Òlíńpíìkì jẹ́ kìlómítà 1.5 nínú omi, kìlómítà 40 lórí kẹ̀kẹ́ àti kìlómítà 10 lórí ẹsẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń yàn jẹ́ ìdajì rẹ̀: mítà 750, kìlómítà 20 àti kìlómítà 5. Omi ló máa ń ṣíwájú, nítorí pé ẹni tó ti rẹ̀ tán kò yẹ lẹ́ni tí à ń tì sínú ibú.

Kì í ṣe àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká eléré ìdárayá ló dá eré yìí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1974, ní Mission Bay ní ìlú San Diego, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn asáré kan pe ìdíje kékeré kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ènìyàn 46 ló jáde. Ọ̀kan nínú wọn, John Collins, jẹ́ òṣìṣẹ́ ológun ojú omi. Òun àti Judy ìyàwó rẹ̀ ló wá dá èyí tí wọ́n ń pè ní Ironman sílẹ̀ ní Hawaii ní ọdún 1978, níbi tí ènìyàn 15 ti bẹ̀rẹ̀ tí 12 sì parí. Ó di ọdún 2000, ní Sydney, kí eré náà tó wọ Òlíńpíìkì. Ìyẹn ni pé kí eré alápá mẹ́ta tó di ti àwọn tó ń gba wúrà, eré àwọn ẹni tó ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń jẹun ló jẹ́. Òun ló fi yẹ kí á fi ojú irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ wò ó.

Wàyí o, ẹ wo Gàmbàrí. Ọ̀kan ni lára àwọn àdúgbò mẹ́rin tí àwọn Balógun ìlú Ìlọrin ń ṣe olórí lé lórí: Balógun Gàmbàrí, Balógun Àjíkòbí, Balógun Alánámù àti Balógun Fúlàní. Ọjà rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Òkè Ọya àti àwọn ti ilẹ̀ Yorùbá ti ń pàdé láti ayé ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọmọ tó dàgbà níbẹ̀, tó ti ń gbé ẹrù wọ ọjà láti kékeré, kì í ṣe ọmọ tó ń bẹ̀rù wàhálà. Bí a bá kírun Àsùbáà tán, tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, kò sí ohun tó ní kí ó má sáré kìlómítà 5 gba Ìpáta àti Akérébíata lọ sí ọ̀nà Sóbí. Ilẹ̀ kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Òótọ́ ni pé kẹ̀kẹ́ tí àwọn olówó fi ń du eré yìí lè gbówó lórí ju ọ̀kadà lọ, ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé irú rẹ̀ ni alákọ̀ọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gùn. Tòkunbọ̀ tí ìjánu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tó. Ohun tí òfin ń béèrè láìgba àwáwí ni àṣíborí, tí a gbọ́dọ̀ dè mọ́ àgbọ̀n kí a tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ rárá. Ẹni tó bá gbàgbé yóò jìyà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onídàájọ́, ìbáà jẹ́ òun ló kọ́kọ́ jáde nínú omi. Ọ̀nà wa léwu, a mọ̀: kòtò, kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ọ̀kadà tó ń bọ̀ lódì. Síbẹ̀ ọgbọ́n wà tí a lè ta sí i: kí ènìyàn jí kùtù, kí ó mú ẹnì kejì dání, kí ó wá ọ̀nà tí ọkọ̀ kò pọ̀. Bí ó bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí òpó, kí ó mọ̀ pé bí ó ti ń ṣe gbogbo ènìyàn nìyẹn. Bí ó bá ń gun kẹ̀kẹ́ tó sì ń sáré lẹ́sẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ara yóò mọ́ ọn.

Apá méjì nínú mẹ́ta nìyẹn, ọmọ Gàmbàrí lè dá wọn ṣe. Apá kẹta ni kò ṣeé dá ṣe.

Mítà 750 jẹ́ kí a la adágún ìlúwẹ̀ẹ́ oní-mítà 50 já ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí kò tíì ki orí bọ omi rí kò lè kọ́ ọ nínú fídíò. Ó gbọ́dọ̀ ní omi tó mọ́, tí a mọ bí ó ti jìn tó. Ó gbọ́dọ̀ ní olùkọ́ tí yóò fi hàn án bí a ti ń tú èémí sínú omi, bí a ti ń yí orí gba afẹ́fẹ́, àti bí a ti ń léfòó nígbà tí ẹ̀rù bá dé. Ẹ̀rù yóò sì dé. Ní ọjọ́ ìje, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń bọ́ sómi pa pọ̀, ẹsẹ̀ ẹnì kan lè gbá ẹlòmíràn lójú, àyà a sì máa já àwọn tó ti mọ̀ ọ́n pàápàá. Òfin eré náà gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàyè láti di ọkọ̀ ojú omi tó dúró mú kí ó sì mí, bí kò bá ti lò ó láti fi lọ síwájú. Ṣùgbọ́n ìsinmi ìṣẹ́jú kan kò lè kọ́ni ní ohun tó gba oṣù púpọ̀.

Níbo wá ni ọmọ Gàmbàrí yóò ti rí oṣù wọ̀nyẹn? Odò Asà la ìlú Ìlọrin já, ṣùgbọ́n ẹ̀gbin ilé àti ti ilé-iṣẹ́ tí à ń dà sínú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó yẹ fún ìwẹ̀ ènìyàn. Ìsédò Asà àti ti Agbà wà, ṣùgbọ́n omi tí a sé fún mímu ni wọ́n, wọ́n jìn, kò sì sí ẹni tí ń ṣọ́ni níbẹ̀. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà ní pápá ìṣeré ìpínlẹ̀ Kwara, àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà sì ní tiwọn. Ẹ wá bi ara yín léèrè: ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba mélòó, ní Gàmbàrí tàbí ní Òkè-Kúrá, ló ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí adágún kankan lẹ́ẹ̀kan ní sáà ẹ̀kọ́? Ìyálọ́jà mélòó ló mọ iye owó tí ọmọ rẹ̀ yóò san kí ó tó wọ ibẹ̀, tàbí ọjọ́ tí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún irú wọn? Ohun tí ará ìlú kò mọ ọ̀nà rẹ̀, àfi bí ẹni pé kò sí.

Ibí yìí ni àwọn alátakò yóò ti dáhùn pé, "Àwa kò tíì rí omi mu, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ omi ìwẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó jọ òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ní ìdáhùn méjì.

Èkíní, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2023, àwọn ènìyàn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ láti abúlé Ẹgbọ̀tí ní ìpínlẹ̀ Niger, tí wọ́n ń padà sílé ní agbègbè Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kwara tiwa yìí, wọ ọkọ̀ ojú omi kan lóru. Ọkọ̀ náà dojú dé lórí Odò Ọya. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Mi ò ní sọ pé ìbá ṣe pé wọ́n mọ ìlúwẹ̀ẹ́, gbogbo wọn ni ìbá yè. Ọkọ̀ kún àkúnjù, ilẹ̀ ṣú, odò ń ṣàn gidigidi. Ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó àti òfin tí ń ká àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ kò ni a kọ́kọ́ nílò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, tí kò wá sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ bí a ti ń léfòó, kí ni ó kọ́ nínú ọ̀fọ̀ náà? Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé fojú bu iye àwọn tí omi pa káàkiri ayé ní ọdún 2021 sí 300,000. Ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó tàbí tí owó wọn mọ níwọ̀nba, ìdá kan nínú mẹ́rin wọn sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ọ̀kan lára ohun tí àjọ náà ní kí àwọn ìjọba ṣe ni kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́ àti bí a ti ń ṣọ́ra fún omi. Ẹ̀kọ́ kan náà tó ń gbé eléré dé òpin mítà 750 ni ẹ̀kọ́ tó lè gba ẹ̀mí ọmọ tí àgbàrá òjò gbé.

Èkejì, eré yìí kò ṣàjèjì sí àṣà Ìlọrin bí àwọn kan ti rò. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn aáfà máa ń sọ, tí wọ́n sọ pé ó ti ẹnu Kálífà kejì, Umar, jáde: pé kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìlúwẹ̀ẹ́, ọfà títa àti ẹṣin gígùn. Àwọn onímọ̀ lè máa jiyàn lórí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n èmi kò tíì gbọ́ ẹni tó jiyàn lórí ọgbọ́n inú rẹ̀. Ìlọrin sì kúkú gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ẹṣin àti ọ̀kọ̀ ni à ń ki ìlú yìí mọ́. Ẹṣin ni àwọn baba ńlá wọn fi jagun, ẹṣin náà ni à ń gùn níbi Durbar títí dòní, tí àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò. A tọ́jú ẹṣin, a sì jẹ́ kí omi sọnù. Ìlú tó lè bọ́ ẹṣin ní gbogbo ọdún nítorí ọjọ́ kan, ta ni yóò gbà fún un pé agbára rẹ̀ kò ká omi tí ọmọ yóò fi kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́?

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà a máa sọ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ìkìlọ̀ fún agbéraga ni òwe náà, kì í ṣe àwáwí fún òbí tí kò jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ omi. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ náà ń bá omi lọ, ó sì ń yá a ju òmùwẹ̀ lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀sìn ló dí àwọn ọmọbìnrin wa lọ́wọ́. Láti ọdún 2004 ni Aheda Zanetti, obìnrin Mùsùlùmí kan ní Ọsirélíà, ti ṣe aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo ara láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ohun tó kù ni kí a ya àkókò sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin, kí obìnrin máa kọ́ wọn, kí obìnrin sì máa ṣọ́ wọn. Ìyẹn kò ju ọ̀rọ̀ ètò lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí eré yìí ti ṣe fún ìlú mìíràn. Láti ọdún 1923 ni wọ́n ti fòfin de ìwẹ̀ nínú odò Seine ní ìlú Párìs, nítorí ẹ̀gbin. Nígbà tí wọ́n pinnu pé inú odò náà ni àwọn eléré alápá mẹ́ta yóò ti lúwẹ̀ẹ́ ní Òlíńpíìkì ọdún 2024, ìjọba Faransé ná nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.4 owó yúrò láti tún un ṣe. Síbẹ̀ òjò rọ̀, omi náà dọ̀tí, wọ́n sì ní láti sún ìje àwọn ọkùnrin kúrò ní ọjọ́ 30 sí ọjọ́ 31, oṣù Keje. Ayé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje, ọdún 2025, ìlú Párìs ṣí ibi mẹ́ta sílẹ̀ nínú odò náà fún ará ìlú láti máa wẹ̀. Àwọn eléré ti lọ, odò kù fún àwọn ọmọ Párìs. Èmi kò ní kí Kwara ná bílíọ̀nù. Ohun tí mo ń wí ni pé bí a bá ti mọ̀ pé ènìyàn yóò wọ odò kan, a kò ní í lè máa fi í ṣe ààtàn mọ́.

Nínú odò Seine yẹn, Tógò, aládùúgbò wa kékeré, ní ọmọ tirẹ̀ níbẹ̀, Eloi Adjavon. Nàìjíríà kò ní ẹnì kankan. Gbogbo àwọn eléré tí a kó lọ sí Òlíńpíìkì náà pàápàá kò mú àmì-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo bọ̀. Síbẹ̀ àìrí àmì-ẹ̀yẹ gan-an kọ́ ni ó dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni bí ìjọba ṣe gbà pé àmì-ẹ̀yẹ nìkan ni eré ìdárayá wà fún. Nígbà tí Kwara United gba ife President Federation Cup ní ọdún 2025, inú gbogbo wa dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá ló wà lórí pápá, àwa yòókù jókòó. Eré tí ará ìlú ń jókòó wò ni à ń náwó lé. Eré tí ará ìlú yóò fi ara rẹ̀ ṣe, kò sí ẹni tó kà á sí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara kò ju mẹ́rin lọ. Kí wọ́n kọ wákàtí tí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré yóò máa wà ní ṣíṣí fún ará ìlú sí ibi tí gbogbo ojú yóò ti rí i, kí owó rẹ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ aláta lè san, kí wákàtí àwọn obìnrin sì wà lọ́tọ̀. Kí wọ́n fi ìlúwẹ̀ẹ́ sínú ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, bẹ̀rẹ̀ láti àwọn àdúgbò mẹ́rin àárín ìlú. Kí wọ́n gba àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń ṣọ́ omi síṣẹ́, kí wọ́n sì san owó wọn déédé. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn àti àjọ tí ń bójú tó eré yìí ní Nàìjíríà ṣe ìdíje kékeré kan lọ́dọọdún ní Ìlọrin fún àwọn tí kò ṣe é rí: kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún, kí wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́, kí wọ́n sáré lórí ọ̀nà tí a ti pa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀nà kò ṣeé pa. A ń pa á fún Durbar, a ń pa á fún àwọn òṣèlú tó ń kọjá.

Ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka èyí ní Gàmbàrí, má torí ọ̀rọ̀ mi lọ bẹ́ sínú Asà tàbí sínú ìsédò kankan. Má dá wọ omi tí kò ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Máa sáré, máa gun kẹ̀kẹ́, kí ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ sì kó ara yín jọ, ẹni mẹ́wàá, ogún, ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni adágún náà, kí ẹ béèrè ọjọ́ tiyín. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ọdún ìdìbò kò jìnnà rí ní Nàìjíríà, àwọn tí ń wá ìbò yóò sì tún gba ọjà Gàmbàrí kọjá. Kí ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ omi kí ẹ tó gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn.

Àwọn baba wa ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn tó ń ṣèjọba ti ń da eruku síwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí wọ́n sì tún ń bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ wọn fi gbẹ.